Horticulture ni wọ́n fún mi dípò Vet Medicine, ṣé kí n gbà á àbí kí n tún JAMB kọ?

ỌmọÌyáAláta

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀gbọ́n lọ́kùnrin lóbìnrin. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

218 ni mo gbà nínú JAMB. Vet Medicine ni mo kọ sí FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta, mo mọ̀ nínú ọkàn mi pé ó ṣòro kí 218 gbé mi débẹ̀ ṣùgbọ́n èèyàn á ṣáà máa retí. Àárọ̀ Tuesday ni mo ṣí CAPS, ojú ìkànnì JAMB tí wọ́n ti ń fi hàn bóyá wọ́n gbà wá, mo rí i pé wọ́n ti gbé mi kúrò ní Vet lọ sí Horticulture, wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ bóyá mo gbà tàbí mi ò gbà. Látìgbà yẹn mi ò tíì tẹ nǹkan kan, fóònù ọ̀hún gan-an ń bà mí lẹ́rù.

Bàbá mi ni wàhálà ibẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti ń pè mí ní dókítà nílé, tí àlejò bá wá wọn ò ní sọ pé dókítà ẹran ni o, dókítà ṣá ni. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n ní kí ló ń jẹ́ Horticulture, mo ní ẹ̀kọ́ nípa èso, ẹ̀fọ́ àti òdòdó ni. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "Ìyá ìyá ẹ gbin ẹ̀fọ́ títí wọ́n fi kú, yunifásítì wo ni wọ́n lọ?" Mi ò rí èsì kankan fọ̀. Mọ́mì mi tí wọ́n ń ta ata àti tòmátò ní Láfẹ́nwá, àwọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n kàn ń ṣa tòmátò tó ti rà kúrò nínú apẹ̀rẹ̀ wọn lọ.

Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé Horticulture yàtọ̀ sí Crop Production ni àbí orúkọ lásán? Ṣé èèyàn ń ríṣẹ́ nídìí ẹ̀? Ṣé mo lè gbà á ná kí n wá sá padà sí Vet lẹ́yìn 100 level?

Ẹ̀gbọ́nCOLPLANT

Àbúrò, kú oríire ná. Mo mọ̀ pé kò jọ oríire lójú ẹ báyìí, àmọ́ àwọn tó kọ JAMB lẹ́ẹ̀mẹta tí wọn ò rí ẹyọ kan gbà pọ̀ ládùúgbò tèmi.

Ibẹ̀ ni mo ti jáde, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. 1988 ni wọ́n dá FUNAAB sílẹ̀, torí iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n sì ṣe dá a sílẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n wá fi Agric tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe ń rí níbòmíì. COLPLANT lo máa wà, kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń rí sí ohun ọ̀gbìn nínú FUNAAB. Horticulture wà ńbẹ̀, Plant Breeding wà ńbẹ̀, Crop Protection, Soil Science, àti èyí tó ń ṣe Crop Production gan-an. B.Agric. ni dígírì ẹ̀, ọdún márùn-ún ni tí kò bá sí ìyanṣẹ́lódì. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká tún rí irú ti 2022 yẹn, oṣù mẹ́jọ gbáko tí ASUU fi tilẹ̀kùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé nọ́ńbà matric mi.

Ní 100 level má retí òdòdó kankan o. Chemistry, Physics, Maths, Biology, wọ́n á tún gbogbo ẹ̀ gún lódó fún ẹ. Èèyàn tó bá ń sá fún Maths wá sí Agric máa pàdé ẹ̀ níwájú, torí Statistics ń bọ̀ lẹ́yìn. 200 àti 300 level, wàá ṣe ẹran, wàá ṣe ilẹ̀, wàá ṣe ọrọ̀ ajé oko, wàá ṣe genetics, tí wàá fi máa bi ara ẹ pé Horticulture ọ̀hún dà. Lẹ́yìn náà ni 400 level, oko. Odidi ọdún kan. Kì í ṣe pé kéèyàn lọ wo oko kó sì padà wá jẹ ìrẹsì ní hostel o, wọ́n máa pín ilẹ̀, wàá jí ní kùtù, ìrì á rin ẹ́ dé orúnkún, wàá ro, wàá gbìn, wàá kórè, wọ́n á sì fún ẹ ní máàkì lé e lórí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bí èpò ò bá ní ọ̀gá, àgbẹ̀ ò ní ìsinmi. 500 level lo tó máa rí ohun tórúkọ ẹ ń jẹ́ dáadáa: èso lọ́tọ̀, ẹ̀fọ́ lọ́tọ̀, òdòdó àti bí wọ́n ṣe ń tún àyíká ilé ṣe lọ́tọ̀, ìtọ́jú irè lẹ́yìn ìkórè, àti project tìẹ.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti Crop: Crop ń wo àgbàdo, ẹ̀gẹ́, iṣu, ìrẹsì, nǹkan oko ńlá. Horticulture ń wo ohun tó nílò ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó sì máa ń tètè bàjẹ́. Àpò àgbàdo tó gbẹ dáadáa lè wà nínú àká fún oṣù mẹ́fà, tòmátò ò ní dúró dè ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́fà. Tòmátò tí mọ́mì ẹ ń ṣà dànù yẹn, odidi kóòsì ni. Láti òkè Ọya ni wọ́n ti kó o wá, inú apẹ̀rẹ̀, wọ́n to apẹ̀rẹ̀ léra, tìsàlẹ̀ ti fọ́ kí mọ́tò tó dé Jẹ́bbà, èyí tó fọ́ yẹn á wá máa tú afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ethylene jáde, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń mú kí àwọn tó kù pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pariwo pé ká máa lo kéréètì oníke dípò apẹ̀rẹ̀. Bi mọ́mì ẹ léèrè bóyá èyí tó wà nísàlẹ̀ kọ́ ló ń kọ́kọ́ rà.

Ní ti iṣẹ́: NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba, wà n'Ídì-Ìshìn n'Íbàdàn láti 1975, èso, ẹ̀fọ́ àti òdòdó gan-an niṣẹ́ wọn. Àwọn NAQS tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò ní bọ́dà àti pápákọ̀ òfurufú ń gba irú wa. L'Ékòó, LASPARK wà, àjọ ìjọba tó ń tọ́jú ọgbà àti òdòdó ìgboro. Àwọn tó ń ṣe landscape fún estate náà ń jẹun. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ẹ, ìjọba kì í gbà èèyàn lójoojúmọ́.

Upper_Tó_Ń_Ṣe_POS

Ẹ̀gbọ́n ti sọ èyí tó dùn, ẹ jẹ́ kí èmi sọ èyí tó korò.

2018 ni mo jáde, Second Class Upper, Horticulture. Mi ò ní dárúkọ iléèwé mi. Greenhouse wa, náílọ́ọ̀nù orí ẹ̀ ti ya kí n tó wọlé, bó ṣe ya ni mo ṣe fi í sílẹ̀, ewúrẹ́ aládùúgbò ló ń gbádùn ẹ̀. Tissue culture, bí wọ́n ṣe ń fi bíńtín lára igi tọ́ ọmọ igi tuntun nínú ìgò, orí bọ́ọ̀dù ni wọ́n ti yà á fún wa. Tá a bá lọ practical, èèyàn mẹ́jọ lórí ọkọ́ kan, ẹnì kan ń ro, méje ń ya fọ́tò. Mo mọ orúkọ Látìn igi tó tó ọgọ́rùn-ún, ẹ bi mí pé kí n lẹ ọsàn kan kó yè, mi ò lè ṣe é.

Mo ṣe NYSC tán, ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí fún interview, ọ̀gá yẹn wo sátífíkéètì mi síwá sẹ́yìn, ó ní "o máa lè gé hedge yìí?" Ó ti ní gádínà tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò ka ìwé mẹ́fà, owó tó ń san fún onítọ̀hún náà ló fẹ́ san fún mi. Landlord mi ń pè mí ní "Ọ̀gá Olódòdó" di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. POS ni mo ń ṣe. Àbúrò, tí bàbá ẹ bá lágbára ọdún kan sí i, tún JAMB kọ.

ÌyáNọ́sìrì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹnu àwọn ọmọ mi ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo ní kí wọ́n bá mi wá a kí n fèsì.

Èmi ò lọ yunifásítì. Etí títì n'Íbàdàn ni mo ti ń ta ọmọ igi àti òdòdó, ó ti lé lógún ọdún. Masquerade tree, ixora, croton, yellow bush, Queen of the Philippines, ọsàn, máńgòrò, píà, àgbálùmọ̀. Iṣẹ́ yẹn ló kọ́lé tí mo wà nínú ẹ̀. Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé kò sówó nínú òdòdó, ẹ bi àwọn tó ń kọ́lé ní estate, tí wọ́n bá kun ilé tán, kí ló kù tí wọ́n ń rà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ mi oní POS yìí dùn mí, torí irú yín wá ṣe IT, ìkọ́ṣẹ́ tí iléèwé ń rán yín lọ ṣe, lọ́dọ̀ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bá a ṣe ń lẹ ọsàn. A máa kọ́kọ́ gbin hóró ọsàn kíkan kan tẹ́yin ń pè ní rough lemon, torí gbòǹgbò ẹ̀ lágbára. Tí igi ẹ̀ bá ti nípọn tó pẹ́ńsùlù ó tó lẹ̀. Màá fi ọ̀bẹ la èèpo ẹ̀ bíi lẹ́tà T, èèpo nìkan o, ọ̀bẹ ò gbọdọ̀ jẹ igi inú. Màá wá mú ojú kan látara ẹ̀ka ọsàn aládùn tó ti ń so, ojú yẹn ò ju èékánná lọ, màá kì í bọ abẹ́ èèpo tí mo là, màá fi náílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ wé e pinpin kómi má wọ̀ ọ́. Ọjọ́ 21 ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Tí mo bá tú u tójú ọ̀hún ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó ti mú nìyẹn. Tó bá ti dúdú, ká tún un ṣe. Ọsàn tẹ́ ẹ gbin hóró ẹ̀ lásán lè ṣe ọdún mẹ́fà, ọdún méje kó tó so, èyí tá a lẹ̀ yìí, ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, ó ti ń so, ẹ sì ti mọ bó ṣe máa dùn torí ẹ mọ ìyá ẹ̀.

Ọmọ yunifásítì kan wá, ó ti fẹ́ gboyè tán o. Mo gbé ọ̀bẹ fún un. Ó lẹ ogún. Nígbà tá a tú u, ẹyọ kan ò mú. Mo wò ó dáadáa, gbogbo ojú yẹn ló fi orí kanlẹ̀! Ó dojú wọn dé. Ó sì lè pe orúkọ ọsàn lédè òyìnbó tí mi ò gbọ́ rí láyé mi.

Mo fi í rẹ́rìn-ín tó, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn náà ló gbà mí lọ́dún kejì. Mo gbin ìbẹ́pẹ lójò, ó hù, ó dára, bí ẹgbẹ̀ta (600). Láàárín ọjọ́ mẹ́rin wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dùbúlẹ̀, ìdí wọn tó kan ilẹ̀ á tín-ín-rín bí òwú, á wó. Mo ti ń fura sí obìnrin tá a jọ ń ṣòwò o, mi ò ní purọ́. Mo pe ọmọ yìí lórí fóònù, ó ní kí n ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. Ó ní mà, damping-off ni, àrùn inú ilẹ̀ ni, ẹ gbìn wọ́n há mọ́ra jù, ẹ sì ń bomi rin wọ́n nígbà tójò ń rọ̀. Ó ní kí n dín omi kù, kí n jẹ́ kí atẹ́gùn gba àárín wọn, tí mo bá tún máa gbìn kí n kọ́kọ́ yan ilẹ̀ ọ̀hún nínú dírọ́ọ̀mù kó gbóná dáadáa. Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń yan ilẹ̀. Ogún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ mi ò mọ ìyẹn.

Ọmọ mi aláta, sọ fún bàbá ẹ pé ìyá àgbà yẹn gbin ẹ̀fọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún tí kòkòrò bá jẹ ẹ́ tán, kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n ń gbìn míì ni.

Upper_Tó_Ń_Ṣe_POS

Ìyá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ó fi orí kanlẹ̀! Ṣé kì í ṣe èmi ni mo wá ṣe IT lọ́dọ̀ yín báyìí?

ÌyáNọ́sìrì

Kì í ṣe ìwọ. Òun mọ́ra. Ṣé o ní ọ̀bẹ? Tó ò bá lówó nídìí POS yẹn lọ́jọ́ Sunday, máa bọ̀, mi ò ní gbowó lọ́wọ́ ẹ, ìgbẹ́ adìẹ nìkan lo máa bá mi rù.

Àgbẹ̀_Wageningen

Mo ń kà yín láti Netherlands. Horticulture ni mo ṣe nílé kí n tó wá ṣe Masters níbí, torí náà ẹni tó bá ní kò jẹ́ nǹkan kan, ẹ máa bá a lọ. Níbí, inú ilé oníglásì ni tòmátò wà, kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rárá, inú nǹkan kan tó dà bí òwú tí wọ́n fi òkúta yíyọ́ ṣe ni gbòǹgbò ẹ̀ wà, omi pẹ̀lú ajílẹ̀ ń kán sí i díẹ̀díẹ̀, kòkòrò kan tó jọ oyin tí wọ́n ń pè ní bumblebee ni wọ́n ń rà nínú páálí wá gbé síbẹ̀ kó máa bá wọn pa òdòdó ẹ̀ pọ̀ kó lè so. Lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó, wọ́n ń kó ju kìlógíráàmù 50 lọ lọ́dún. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọbẹ̀, mo rántí 2016 tí kòkòrò Tuta absoluta jẹ tòmátò run ní Kàdúná, tí gbogbo wa ń pè é ní Tòmátò Ebola, tí ìyá mi ń fi tàtàṣé nìkan se ọbẹ̀, ó sún mi dé ibi tí mi ò lè sọ.

Ohun kan tí mo máa sọ fún ẹ àbúrò: má fi CGPA, àròpọ̀ máàkì gbogbo kóòsì ẹ, ṣeré láti 100 level. Máàkì Physics tí mo rò pé kò kàn mí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dí mi lọ́nà scholarship. Tó o bá sì dé orí project, má lọ ṣe àgbàdo. Ewédú, gbúre, ṣọkọ, ìgbá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jẹ, àwọn òyìnbó ò ní bá wa ṣe ìwádìí ẹ̀. Ewédú tó dì bí òkúta nínú fíríjì ni wọ́n ń tà fún wa ní Peckham tí mo bá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní London, ẹ ò ní fẹ́ mọ iye ẹ̀.

300L_Onísuuru

Mo wà ńbẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, obìnrin ni mí náà, torí náà jẹ́ kí n dáhùn èyí táwọn ẹ̀gbọ́n fò.

Kéèyàn gbà á tìtorí kó lè sá lọ sí Vet: má ṣe é. Ó ṣeé ṣe lórí ìwé, àmọ́ CGPA ni wọ́n ń wò, àyè tó wà ò sì tó nǹkan, gbogbo èèyàn tí wọn ò fún ní Vet ló ń ro ohun tó ò ń rò yẹn. Roommate mi fi odidi 100 level ṣọ̀fọ̀ Vet, kò kàwé Vet kò kàwé tiwa, carry-over mẹ́ta, kóòsì tó fìdí rẹmi tó gbọ́dọ̀ tún ṣe, ló kó dé 200 level. Tó bá jẹ́ Vet ni ẹ̀mí ẹ ń fẹ́ gan-an, tún JAMB kọ, subject kan náà lo máa lò, kò sóhun tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n tó o bá ti tẹ reject lórí CAPS, èyí tó wà lọ́wọ́ ti lọ nìyẹn, mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó o tó tẹ̀ ẹ́.

Lóòótọ́ ọkọ́ ò kárí, ọ̀rọ̀ oní POS kì í ṣe irọ́. Èmi, tá a bá ń practical mo máa ń dé ṣáájú, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń mú ọ̀bẹ. Mo sì ní ìgò mẹ́rìnlélógún tí mo fi ń gbin cuttings, ẹ̀ka igi tí mo gé kó lè ta gbòǹgbò, lẹ́yìn hostel, porter ti kó o dànù lẹ́ẹ̀mejì.

ỌmọÌyáAláta

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an, mo ti kà á fún mọ́mì mi. Ọ̀rọ̀ ethylene yẹn, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́ pé ọ̀kan tó rà ló ń ran ìyókù, àwọn ò kàn mọ̀ pé ó lórúkọ. Wọ́n ní kí n bi Ẹ̀gbọ́nCOLPLANT bóyá kéréètì oníke yẹn wà tí kò wọ́n, torí àwọn onímọ́tò ní apẹ̀rẹ̀ làwọn fẹ́.

Bàbá mi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ o. Mo ka ti ÌyáNọ́sìrì létí wọn, wọ́n ṣe bí ẹni pé ìròyìn ni wọ́n ń gbọ́. Nígbà tó dé ibi ìbẹ́pẹ, wọ́n ní "ẹgbẹ̀ta?" Wọn ò sọ nǹkan míì mọ́.

Mo ti tẹ accept lálẹ́ àná. Mi ò tíì sọ fún wọn. 300L, ẹ jọ̀ọ́, bàtà rọ́bà ti oko yẹn, ṣé iléèwé ló ń fún wa àbí a máa rà á? Ẹsẹ̀ mi ò tóbi, 37 ni mò ń wọ̀.

300L_Onísuuru

O máa rà á ni. Àmọ́ kò tíì kàn ẹ́, 400 level lo máa lò ó, rọra. Tó bá yá, ra 38, kí ìbọ̀sẹ̀ lè gba inú ẹ̀. Ọ̀bẹ ni kó o kọ́kọ́ rà.

Ẹ̀gbọ́nCOLPLANT

Sọ fún mọ́mì pé àwọn tó ń kó ọsàn wọlé máa ń ta kéréètì wọn tó ti gbó. Kí wọ́n ra méjì ná, kí wọ́n kó tòmátò tó le jù sínú ọ̀kan, kí wọ́n fi ìkejì wé apẹ̀rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Onímọ́tò á wá gbọ́ tẹnu wọn.